Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ibo Ni Kí Ẹni Tó Fẹ́ Di Ọ̀gá Ilé Ìtajà Ńlá Gbà Wọlé?

Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbé èèyàn dé ipò ọ̀gá àgbà ní ilé ìtajà tó ní ẹ̀ka káàkiri. Ẹnìkan lè bẹ̀rẹ̀ nínú sítọ́ọ̀, kó máa já ẹrù, kó máa to ọjà sórí ṣẹ́ẹ̀fù, kí wọ́n sì máa gbé e ga díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn á gba ọ́fíìsì wọlé, bóyá akáǹtáǹtì ni tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ìpolówó ọjà. Ẹnì kẹta á ti gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ mìíràn kí ilé ìtajà tó ránṣẹ́ pè é. Kéèyàn dá tiẹ̀ sílẹ̀ náà wà, mo sì máa mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ àti àyà níní ló jù nínú ìyẹn.

Àgùnbánirọ̀ tó ń parí ìsìn ìlú, kaṣíà tó ń rò ó pé ṣé kóun dúró àbí kóun lọ, òṣìṣẹ́ báńkì tó fẹ́ yí iṣẹ́ padà, àwọn ni mo ní lọ́kàn. Mi ò ní fi èrò mi pamọ́: sítọ́ọ̀ ni màá ní kí ọ̀pọ̀ nínú yín gbà wọlé. Àwọn kan wà tí mi ò ní fún nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, a ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí owó ṣe ń rìn níbẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé tí èrò bá kún súpámákẹ́ẹ̀tì, tí ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà, èèyàn á rò pé èrè rẹpẹtẹ ń wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kù fún irú iléeṣẹ́ bíi Walmart ti Amẹ́ríkà tàbí Tesco ti Bírítéènì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó ọjà, owó oṣù, owó ilé àti owó orí, kì í sábà ju nǹkan bíi 2 sí 3 nínú 100 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi náírà wò ó. Ká ní ilé ìtajà kan ta ọjà 1,000 náírà, tí 25 náírà sì kù sí i lọ́wọ́. Bí ọjà kan tí wọ́n rà ní 800 náírà bá bàjẹ́, tàbí tí olè gbé e lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ta ọjà 1,000 náírà lọ́nà méjìlélọ́gbọ̀n (32), kí 800 yẹn tó padà wọlé. Yógọ́ọ̀tì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, adìyẹ dídì tó yọ́ nígbà tí iná lọ, dísẹ́lì tí ẹnìkan fà tà lẹ́yìn ilé, ọjà rẹpẹtẹ ni wọ́n máa tà láti fi dí ihò wọn.

Costco, ilé ìtajà ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà, tilẹ̀ ní ìlànà pé àwọn kì í lé owó tó ju bíi 14 tàbí 15 nínú 100 lọ lórí iye tí àwọn ra ọjà. Owó tí àwọn oníbàárà ń san lọ́dọọdún láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gbé èrè wọn ró jù.

Lórí owó tín-ín-rín yìí ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀gá àgbà dúró lé. Òun ló máa pinnu ohun tí wọ́n máa tà àti iye tí wọ́n máa tà á, ibi tí wọ́n máa ṣí ẹ̀ka sí, ẹ̀ka tí wọ́n máa tì pa, àti irú ẹni tó máa ṣe mánéjà ibẹ̀. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó nínú ẹ̀ka kan lè dà bí eré, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ka 200 bá ń ṣe bákan náà, ó lè pa iléeṣẹ́. Ìbéèrè tí mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nìyí: ṣé ó máa jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí owó ń gbà jò?

Láti inú sítọ́ọ̀

Ọ̀dọ́langba ni Doug McMillon nígbà tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún Walmart lọ́dún 1984. Iṣẹ́ àsìkò họlidé ni, ẹrù ló ń já látinú ọkọ̀ nílé ìkẹ́rùsí wọn. Lọ́dún 1990, bó ṣe ń kàwé fún oyè kejì nínú ìmọ̀ òwò ní ìlú Tulsa, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí igbákejì mánéjà nínú sítọ́ọ̀ kan. Wọ́n fi í sídìí ríra ohun èlò ìpẹja wọlé. Lẹ́yìn náà ó darí Sam's Club tó jẹ́ ti Walmart, ó darí àwọn ẹ̀ka òkè òkun, ó sì di ọ̀gá pátápátá ní oṣù kejì ọdún 2014. John Furner tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2026 náà, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó wákàtí fún ni nígbà tó wọlé lọ́dún 1993. Ní ti Costco, Ron Vachris tó di ọ̀gá àgbà wọn ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù gorí ara wọn ló ń wà lọ́dún 1982 ní Price Club, iléeṣẹ́ tó padà dara pọ̀ mọ́ Costco. Ẹni tó dá Costco sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, Jim Sinegal, tìmùtìmù ló ń já látinú ọkọ̀ ní ilé ìtajà FedMart ní San Diego lọ́dún 1954.

Ohun tí irú àwọn èèyàn wọ̀nyí ní, ìwé kò lè fúnni. Kaṣíà tó jókòó ti kàńtà fọ́dún méjì ní Ìbàdàn mọ̀ pé tí owó oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mílíìkì agolo ńlá ni àwọn èèyàn ń gbé. Tó bá fi máa di ogúnjọ́ oṣù, sáṣẹ́ẹ̀tì ló kù. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, búrẹ́dì àti ohun mímu tútù ló máa ń tán. Ó mọ ọjà tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi sápò, ó sì mọ aago tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa ń tòògbé. Tó bá dọ̀gá lọ́la, tí ẹnìkan sì gbé ìṣirò tó dáa lójú wá síwájú rẹ̀, á ti mọ ibi tó yẹ kó tẹ ìka mọ́.

Àǹfààní kejì ni pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbọ́ tiyín. Ẹni tó ti gbálẹ̀ níbì kan rí, tó bá ní kí wọ́n gbá a, kò sẹ́ni tó máa wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ.

Ní ti owó, ibi tí ẹ bá wà ló máa sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston tàbí Maryland kò gbọ́dọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ sítọ́ọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Walmart gbé owó oṣù àwọn mánéjà sítọ́ọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sókè láti nǹkan bíi 117,000 dọ́là sí 128,000 dọ́là lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba láàárín wọn, ó sì ní owó àjẹmọ́nú lè tó ìlọ́po méjì owó oṣù fún ẹni tó bá ṣe dáadáa jù. Iléeṣẹ́ náà sọ pé nǹkan bíi 75 nínú 100 àwọn tó wà nípò ìdarí sítọ́ọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú owó wákàtí. Ní Bírítéènì, Aldi máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì láti di mánéjà agbègbè, ó ń fún wọn ní mọ́tò, ṣùgbọ́n inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó fa àwọn ẹ̀ka lé wọn lọ́wọ́. Tí ọmọ yín bá wà ní Manchester tó ń béèrè, mo mọrírì irú ètò yẹn gidigidi, torí pé ó da ọ̀nà sítọ́ọ̀ àti ọ̀nà ìwé pọ̀.

Ní Nàìjíríà, owó oṣù ìbẹ̀rẹ̀ kéré, ìdúró pọ̀, ẹsẹ̀ á máa wú. Nígbà tí àwọn ẹbí bá ń ṣọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹnu iṣẹ́ lẹ máa wà, nítorí ìgbà yẹn gan-an lọjà ń tà. Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni pé àwọn ilé ìtajà kan ò ní àkàbà rárá. Ẹni tó wọlé bíi kaṣíà níbẹ̀ á kú sórí kaṣíà, torí pé ọmọ àti àna olówó ló ń jẹ mánéjà. Irú ibẹ̀ yẹn, ẹ má fi ọdún márùn-ún yín tọrẹ. Ẹ kọ́ iṣẹ́ fún bíi ọdún kan, kí ẹ sì lọ síbi tí wọ́n ti ń gbéni ga.

Láti ọ́fíìsì

Nínú àwọn tó gba ọ̀nà yìí, Whitey Basson ti South Africa ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Akáǹtáǹtì tó gboyè ni. Iléeṣẹ́ Pep tó ń ta aṣọ olówó pọ́ọ́kú ló wà nígbà tí wọ́n ra Shoprite lọ́dún 1979. Sítọ́ọ̀ mẹ́jọ péré ni, mílíọ̀nù kan ráńdì ni wọ́n san. Ó ra ilé ìtajà Checkers kún un lọ́dún 1991. Lọ́dún 1997 ó gba ilé ìtajà OK Bazaars ní ráńdì kan ṣoṣo, nítorí pé àdánù tó wà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó ni ín ń wá ẹni tó máa gbé e kúrò lọ́rùn wọn. Ẹni tí kò mọ ìwé owó kà dáadáa á sá fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Basson rí i pé àwọn ilé tó wà láàárín ìlú àti àwọn oníbàárà rẹ̀ níye lórí ju gbèsè náà lọ. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì lópin ọdún 2016, Shoprite ti di ilé ìtajà oúnjẹ tó tóbi jù ní Áfíríkà. Pieter Engelbrecht tó tẹ̀ lé e, akáǹtáǹtì lòun náà.

Terry Leahy gba ẹ̀ka ìpolówó ọjà wọ Tesco lọ́dún 1979, ó sì di ọ̀gá àgbà lọ́dún 1997. Ohun tó gbé e ga ni káàdì Clubcard tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1995. Èènì tí àwọn ìyá wa máa ń bù sí gààrí ni, wọ́n kàn sọ ọ́ di káàdì: oníbàárà ń gba díẹ̀ padà, ó sì ń dúró ti ẹni tó ń fún un. Àfikún tí Tesco rí nínú rẹ̀ ni pé káàdì náà ń sọ fún wọn ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń rà àti ìgbà tí wọ́n ń rà á. Kí ọdún yẹn tó parí, Tesco ti kọjá Sainsbury's gẹ́gẹ́ bí ilé ìtajà oúnjẹ tó tóbi jù ní Bírítéènì.

Nílé, ẹ rántí Ernest Shonekan. Gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ló ṣe wọ UAC lọ́dún 1964, ó sì di alága àti olùdarí àgbà wọn lọ́dún 1980. UAC ló ni Kingsway nígbà náà, ilé ìtajà tí àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ ìtàn ilé rẹ̀ ní Marina tí wọ́n ṣí lọ́dún 1948. Ọ̀pọ̀ mọ Shonekan sí olórí ìjọba fìdíhẹ ti 1993 nìkan, àmọ́ ìtàn bó ṣe dé orí iléeṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láti tábìlì agbẹjọ́rò yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kà á.

Tí a bá fi ọdún wé ọdún, ọ́fíìsì máa ń yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yá tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ọdún 18 ni Leahy lò. Corie Barry wọ Best Buy, tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1999 nídìí ìṣirò owó, ó di ọ̀gá àgbà lọ́dún 2019. Michael Fiddelke wọ Target, ilé ìtajà Amẹ́ríkà mìíràn, lọ́dún 2003 gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ nídìí owó, ó di ọ̀gá àgbà lọ́dún 2026. McMillon lo ọdún 24 tí a bá kà á láti 1990, Vachris sì lo bíi ọdún 42. Ẹni tó bá ń wá ohun tó máa tètè so èso, kó má wá a nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀nà yòówù kó gbà.

Ibi tí ọ̀nà ọ́fíìsì ti kù díẹ̀ ni pé ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀ka Bódìjà bá jèrè tí ẹ̀ka Mọ́níyà sì pàdánù, àròpọ̀ wọn lè dára, kí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì má sì mọ̀ pé ẹ̀ka kejì ń kú lọ. Akáǹtáǹtì tó bá fẹ́ dé òkè gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sí sítọ́ọ̀ fún sáà kan, kó lọ ka ọjà lóru pẹ̀lú àwọn tó ń kà á. Ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì, lọ́wọ́, èmi ò ní kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti kaṣíà. Kó gba ọ́fíìsì wọlé, kó sì béèrè fún sáà náà kó tó buwọ́ lu ìwé iṣẹ́.

Ẹni tí wọ́n pè láti ìta

Ọ̀nà yìí ló ń dán lójú jù. Àwọn ìwé ìròyìn máa ń pariwo orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọkùnrin méjì tí wọ́n pè láàárín ọdún kan síra wọn ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa.

Ron Johnson ló dá àwọn sítọ́ọ̀ Apple sílẹ̀. Lọ́dún 2001 ni wọ́n ṣí àwọn àkọ́kọ́, wọ́n sì di àwòṣe fún gbogbo ayé. Kó tó débẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ní Target. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011 ó di ọ̀gá àgbà JCPenney, ilé ìtajà àtijọ́ tí àwọn ìyá ilé fẹ́ràn. Ní oṣù kejì ọdún 2012 ó fòpin sí kúpọ́ọ̀nù àti ẹ̀dínwó òjijì, ó ní iye tó tọ́ làwọn máa fi lé ọjà lójoojúmọ́. Èrò náà kò burú lórí ìwé. Kò kọ́kọ́ dán an wò ní ẹ̀ka díẹ̀, gbogbo ẹ̀ka ló gbé e sí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníbàárà JCPenney fẹ́ràn kí wọ́n máa wá ẹ̀dínwó kiri, ìgbádùn wọn ló mú kúrò. Owó ọjà já láti bílíọ̀nù 17.3 dọ́là sí bíi bílíọ̀nù 13 láàárín ọdún kan, àdánù ọdún náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 985. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013 wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n sì pe ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kó tó dé padà.

Hubert Joly, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò tilẹ̀ ti iṣẹ́ ilé ìtajà wá. Olùdámọ̀ràn òwò ni nígbà kan, lẹ́yìn náà ó darí iléeṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti ìrìn àjò. Best Buy pè é lọ́dún 2012, nígbà tí àwọn èèyàn ń wá wo tẹlifíṣọ̀n nínú sítọ́ọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń lọ rà á lórí Amazon. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, sítọ́ọ̀ kan ní ìlú St. Cloud ló lọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù bíi ti àwọn òṣìṣẹ́, ó lẹ káàdì mọ́ àyà pé ọ̀gá àgbà tó ń kọ́ṣẹ́ lòun. Àwọn òṣìṣẹ́ ló fi hàn án pé tí èèyàn bá wá orúkọ eré Cinderella lórí ìkànnì iléeṣẹ́, kámẹ́rà ló ń gbé jáde. Wọ́n sọ fún un pé ẹ̀dínwó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rí gbà tí wọ́n gé ti ba ọkàn wọn jẹ́, ó sì dá a padà. Lọ́dún 2013 iléeṣẹ́ náà pinnu pé iye tí Amazon bá ta ọjà làwọn náà máa tà á, wọ́n sì jẹ́ kí Samsung kọ́ ìsọ̀ tirẹ̀ sínú àwọn sítọ́ọ̀ wọn. Ọdún méje ló fi darí wọn, kò sì sí ẹni tó sọ mọ́ pé Best Buy máa kú.

Johnson mọ ilé ìtajà ju Joly lọ fíìfíì. Ohun tó mọ̀ ní Apple ló dí i lójú, nígbà tí Joly mọ̀ pé òun ò mọ̀. Nítorí náà, mi ò gbà pé ẹni tó wá láti ìta ò lè ṣe é. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹni tí wọ́n bá pè lọ dúró nínú sítọ́ọ̀ kó tó pa àṣẹ kankan.

Rosalind Brewer tún yẹ ká wò, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin wa. Ìmọ̀ kẹ́mísírì ló kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Spelman ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ bíi ọdún 22 ní Kimberly-Clark tó ń ṣe nápí àti ìnura oníbébà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ọjà fún ilé ìtajà. Ó wọ Walmart lọ́dún 2006, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ àti aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí Sam's Club lọ́dún 2012. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe indomí, ọṣẹ tàbí bisikíìtì nílùú Èkó tàbí Ọ̀tà, ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹ ti jókòó sí òdìkejì tábìlì, ẹ mọ iye tí ọjà ń náni láti ṣe. Ilé ìtajà ń wá irú yín.

Ríra ọjà àbí dídarí sítọ́ọ̀?

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà, ó máa kan oríta kan ní bíi ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Wọ́n á bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ máa ra ọjà wọlé ni àbí ẹ fẹ́ máa darí ẹ̀ka. Àwọn tó ń darí ẹ̀ka ni ojú ń rí, àwọn ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Síbẹ̀ tí wọ́n bá bi mí, ríra ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà tí ẹ bá ti lo ọdún méjì sí mẹ́ta nínú sítọ́ọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, bí wọ́n ṣe ń mọ ọjà tí kò ní tà kí wọ́n tó kó o wálé, àti bí ọjọ́ ìsanwó fún àwọn tó ń kó ọjà wá ṣe lè gba iléeṣẹ́ là tàbí kó rì í. McMillon kò rò ó pé ohun ìpẹja kéré jù. Ewu tó wà níbẹ̀ ni rìbá: àwọn tó ń kó ọjà wá á máa fẹ́ fi nǹkan pa yín lẹ́nu kí ọjà wọn lè wà ní ṣẹ́ẹ̀fù tó dọ́gba pẹ̀lú ojú. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti so okùn mọ́ ọn lọ́rùn.

Iléeṣẹ́ òkèèrè àbí tilé?

Nígbà tí Shoprite ṣí sí Palms ní Lẹ́kì ní oṣù kejìlá ọdún 2005, gbogbo ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí ń sá lọ síbẹ̀. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn dáa, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ níbẹ̀ sì ń ṣílẹ̀kùn. Ní ọdún 2020 ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ jáde, wọ́n sì ta á fún iléeṣẹ́ Ketron lọ́dún 2021. Game, ilé ìtajà South Africa mìíràn, náà kúrò lọ́dún 2022. Ẹ̀ka Shoprite ti Kánò tì ní oṣù kìíní ọdún 2024, ti Wuse l'Ábújá tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Dọ́là ni àwọn onílé fi ń gba owó ilé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá, náírà sì ni oníbàárà ń ná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, báńkì àpapọ̀ yọ irú ọjà 41, ìrẹsì wà lára wọn, kúrò nínú ohun tí èèyàn lè rí dọ́là rà ní owó ìjọba. Bí náírà ṣe ń já, bẹ́ẹ̀ ni èrè tí iléeṣẹ́ òkèèrè fẹ́ kó lọ sílé ń dínkù.

Lójú mi, ẹni tó bá fẹ́ dọ̀gá àgbà nílẹ̀ yìí, ilé ìtajà ti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ti ní ẹ̀ka bíi mélòó kan, irú bíi Foodco tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ló yẹ kó fojú sí. Ní iléeṣẹ́ òkèèrè, àwọn tó ń gbé ìpinnu ńlá kì í sábà sí níbí. Ipò mánéjà ẹ̀ka tàbí agbègbè ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa máa ń dé. Nínú iléeṣẹ́ tilé tó ń dàgbà, ẹ lè wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu ibi tí wọ́n máa ṣí ẹ̀ka kẹwàá sí. Àléébù rẹ̀ ni ohun tí mo ti sọ nípa ẹbí olówó. Ẹ béèrè bóyá ìgbìmọ̀ olùdarí wà tí kì í ṣe ara ilé nìkan ló kún inú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Sam Walton kọ́ṣẹ́ ní JCPenney lọ́dún 1940 kó tó ní sítọ́ọ̀ tirẹ̀ ní ìlú Newport ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1945. Lọ́dún 1950 onílé kọ̀ láti tún ilé háyà fún un, gbogbo ohun tó ti kọ́ níbẹ̀ sì lọ. Ó ṣí lọ sí Bentonville, ó tún bẹ̀rẹ̀, Walmart àkọ́kọ́ sì ṣí ní Rogers ní oṣù keje ọdún 1962. Raymond Ackerman, Checkers ló lé e níṣẹ́ lọ́dún 1966. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ra sítọ́ọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Pick n Pay ní Cape Town. Àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó fi owó tiwọn wewu. Ẹ̀yin náà, ẹ kà á dáadáa tí ẹ bá ń yá ilé: ọdún mélòó ni, ta ló lè tún un háyà, owó wo ni wọ́n fi ń gbà á.

Kí lẹ máa mú?

Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, tí kò ní ẹrù púpọ̀ lórí, tí ara rẹ̀ le: sítọ́ọ̀. Ẹni tó ní ìwé ìṣirò owó tàbí òfin: ọ́fíìsì, pẹ̀lú sáà kan nínú sítọ́ọ̀. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ṣíṣe ọjà tàbí kíkó ọjà kiri: kó dúró kí wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí àwọn ilé ìtajà mọ orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Ìyá ọlọ́mọ kékeré tí kò ní olùrànlọ́wọ́ nílé, mi ò ní tan yín, wákàtí sítọ́ọ̀ máa nira fún yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀ka ríra ọjà tàbí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí ọjọ́ Ìsinmi ti jẹ́ ti ẹni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè. Mélòó nínú àwọn mánéjà ẹ̀ka yín ló bẹ̀rẹ̀ láti kaṣíà? Ìgbà wo ni ọ̀gá àgbà yín dé ẹ̀ka tí mo máa wà yìí kẹ́yìn? Ta ló ń ka ọjà, ṣé oṣooṣù ni àbí lọ́dọọdún? Tí ọjà bá dín, ṣé owó oṣù àwọn kaṣíà lẹ máa ń yọ ọ́ nínú? Iléeṣẹ́ tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí èyí tó gbẹ̀yìn, tí kò sì wádìí ẹni tó jí i, ẹ má gba iṣẹ́ níbẹ̀. Kò tíì mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà jò, kò sì ní kọ́ yín.